Ẹja Karùn-ún

Abọ́ náà gbóná. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, àfi bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì nínú rẹ̀ tán. Mo fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn tutù nini. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í dé igun ibẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ mi ni kí n wo àwo tánganran àtijọ́ tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, kí n sọ iye ọdún tó ti lò láyé, kí n sì sọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ní kí n má ṣe gba ojú àwo gbọ́, kí n dojú rẹ̀ dé, kí n wo ìdí rẹ̀, torí pé ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń tọ́jú ojú ju ìdí lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn rí, ṣùgbọ́n kí n má dán ti èèyàn wò.

Abọ́ tí mò ń sọ yìí ló ba orúkọ bàbá mi jẹ́. Ẹja márùn-ún ni wọ́n fi àwọ̀ aró yà yí i ká, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Mẹ́rin ní ojú, ìkarùn-ún ò ní. Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá mi fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojúlówó ni, ó ti lé ní irínwó ọdún. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ẹja aláìlójú jáde níwájú òun, pé ayédèrú ni, ẹni tó ṣe é ló gbàgbé. Bàbá mi ní kì í ṣe ìgbàgbé, pé ẹnìkan ló pe ọkùnrin náà kúrò nídìí iṣẹ́. Wọ́n bi í pé ta ló pè é. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́ja. Ó ra abọ́ náà fúnra rẹ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan tánganran mọ́. Ife oníke ló fi ń mu tíì.

Ọ̀sẹ̀ tí abọ́ náà gbóná yìí ni bàbá mi pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Gbogbo ayé ló ti dá mi lẹ́jọ́," ó ní, "ìwọ nìkan lo ò tíì sọ nǹkan kan. Lọ wo abọ́ yẹn dáadáa. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kó o wá sọ fún mi. Ẹja ni àbí àkàn?"

Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára mi. Òótọ́ ló sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sá fún abọ́ náà, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi lè ti ṣì í. Bẹ́ẹ̀ n kò lè parọ́ tù ú nínú. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá irọ́ mọ̀, ibo ni mo fẹ́ gbé irọ́ gbà níwájú rẹ̀?

Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fi èékánná ta á, ó dún gooro, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ohun dídán bíi dígí tí wọ́n fi bò ó. Àwọn ihò atẹ́gùn tíntìntín inú rẹ̀ ò dọ́gba, bó ṣe máa ń rí tó bá jẹ́ iná igi ni wọ́n fi sun ún. Aró náà ti rì sínú dígí, kò léfòó. Mo dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ ti jẹ díẹ̀díẹ̀, bí ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń gbé kalẹ̀ tó sì ń gbé sókè láti ọdún gbọ́ọrọ. Lẹ́bàá ìdí yẹn, ojú ibi mẹ́rin wà tí dígí ò bò, níbi tí ẹni tó rì í bọ inú omi dídán tó ń di dígí nínú iná ti fi ìka dì í mú. Mẹ́ta gùn. Èyí tó kángun kúrú. Gbogbo ẹ̀rí ló ń gbè sẹ́yìn bàbá mi, àfi ẹja aláìlójú yẹn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ẹfun bò ó lọ́wọ́ dé ìgúnpá, ó bò ó lẹ́sẹ̀, ó sì ń rùn èéfín igi. Mo rò pé bíríkìlà tó ń rẹ́ ògiri ilé kejì ni, mo ní kó rọra tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó tọrọ gáfárà. Ó ní òun kàn fẹ́ wo abọ́ yẹn ni, tí kò bá ni mí lára.

Títí di òní, n kò mọ ohun tó mú kí n gbé e fún un. Kò wo ojú abọ́ náà rárá. Ó dojú rẹ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dì í mú nídìí, ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọ ojú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́gí. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù ti gé níbi oríkèé. Mo fà sẹ́yìn. Òun ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Mo ti rò pé ó ti fọ́," ó ní jẹ́jẹ́.

Mo bi í pé, "Kí lẹ mọ̀ nípa abọ́ yìí?" Ẹnu mi ti yára fi ọ̀wọ̀ sí i kí ọpọlọ mi tó mọ ìdí.

"Ẹja karùn-ún ni mò ń yà lọ́wọ́," ó ní, "tí wọ́n sáré wá pè mí pé ìyàwó mi ti bí. Ọjọ́ méjì ló fi rọbí, wọ́n tiẹ̀ ti ní kí n mọ́kàn le. Mo kàn ri abọ́ náà bọ omi dídán, mo gbé e kalẹ̀, mo sáré. Ìyá yè, ọmọbìnrin náà yè. Mo jó títí bàtà mi fi já. Ìgbà tí mo fi padà dé, ó ti wọ iná."

Ó ní ẹja náà ò kúrò lọ́kàn òun láti ìgbà yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kọ nọ́ńbà wà lórí tábìlì pẹ̀lú tàdáwà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti rì í bọ tàdáwà, ó ti fi kan ibi tó yẹ kí ojú ẹja karùn-ún wà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pariwo. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá kun abọ́ irínwó ọdún ní tàdáwà, kó yáa máa sá lọ. Mo já abọ́ náà gbà, mo fi aṣọ tútù nù ún. Kò parẹ́. Mo fi èékánná họ ọ́, èékánná yọ̀ kọjá. Mo gbé awò sí i. Ojú tuntun yẹn ti rì sábẹ́ dígí, ó di àwọ̀ aró bíi ti àwọn yòókù, àwọn ihò atẹ́gùn sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá máa kun abẹ́ dígí yẹn, àfi kó kùn ún kí abọ́ tó wọ iná.

Ó ní kí n bá òun kí bàbá mi, kí n sọ fún un pé ó mọ iṣẹ́. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, n kò rí i mọ́. Ipasẹ̀ ẹfun rẹ̀ ti ìdí tábìlì dé ìlàjì yàrá, ó tán síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí bíríkìlà ilé kejì wá tọrọ omi. Arúgbó gíga ni, ìka rẹ̀ sì pé. Mo bi í nípa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun nìkan lòun ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbé abọ́ lọ bá bàbá mi, tayọ̀tẹ̀rù. Mo mọ ohun tí ojú ẹja yẹn ti ṣe fún wa. Ẹja aláìlójú ló wà nínú gbogbo fọ́tò ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Tí a bá gbé eléyìí lọ, wọn yóò ní abọ́ mìíràn ni. Orúkọ Bàbá Ẹlẹ́ja ò ní kúrò lára bàbá mi láéláé.

Ó dojú abọ́ náà dé kó tó wo ojú rẹ̀, iṣẹ́ ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìka ka ẹja. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ó dúró. Ó gba awò lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó tún un wò. N kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

"Ta ló pè é?" ó ní.

"Ìyàwó rẹ̀ ló bí, bàbá. Obìnrin ni."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi wúkọ́ tí mo ń gbá a lẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Mo wá fún un lésì ìbéèrè tó bi mí.

"Ẹja ni, bàbá."

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹnìkan ṣoṣo tó máa gbà mí gbọ́ ni mo ń wá." Ó ní kí n sọ ife oníke yẹn nù, kí n bu tíì òun sínú abọ́ ẹja. Ó mu ún tán kó tó rántí bi mí pé kí ni ọkùnrin náà sọ ọmọ rẹ̀. N kò bi í.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni abọ́ náà wà báyìí, lórí tábìlì rẹ̀, a kì í tì í mọ́. Láàárọ̀ òní, kí n tó gbé omi kaná, mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wo bàbá mi, òun náà wò mí, ó sì ní kí n gbé àga kan sí i wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, de àlejò.