Ìbéèrè Kẹfà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú ìwé ìdánwò Yorùbá náà. Ọmọ mẹ́rin dáhùn mẹ́fà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún tó ń máàkì rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó ti máàkì ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti àárọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ìwé náà kà. Ọmọ àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé ohun tó mú òrùlé máa jò láti oṣù kẹta ni pé wọn kò tètè pààrọ̀ páànù. Èkejì to ìwúlò páànù méjì lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ó kọ ojú ewé kan gbáko lórí irú ènìyàn tí Ẹ̀bùnọlá jẹ́, àti ìdí tó fi yẹ kó wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì ni, lọ́dún 1978. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ń ṣe ìbéèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ mẹ́rin náà, ọ̀kan sunkún, ó sì fa ìwé kan yọ nínú àpò. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún un. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n fi kábọ̀n sí abẹ́ rẹ̀ kó lè di púpọ̀. Ìbéèrè márààrún wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìkẹfà tẹ̀ lé e: ‘Òrùlé ti ń jò láti oṣù kẹta. Ẹ sọ fún Ẹ̀bùnọlá kí ó mú páànù méjì wá ní Sátidé. Ṣàlàyé.’

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ Ẹ̀bùnọlá. Káfíńtà ni, ní Ìyìn-Èkìtì, àbúrò Monínúọlá tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, pe Monínúọlá síwájú gbogbo olùkọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa fìtílà tí a gbé lé ọ̀pá, ó sọ̀rọ̀ nípa ejò tó wọ ilé. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé olè ni Monínúọlá. Ó ní kó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó sì fún un di ọjọ́ Ẹtì kó dárúkọ àwọn tó ta ìbéèrè fún. Bí kò bá dárúkọ wọn, wọn yóò lé e, wọn yóò sì gbé e lọ sí kóòtù.

Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn nídìí táípúráítà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ yìí ni òun àti Kíkẹ́lọmọ ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Kò sunkún níwájú wọn. Ó délé, ó jókòó sórí àpótí, kò sì lè sùn láti ọjọ́ náà.

Àwọn ọlọ́pàá gbé ọ̀rọ̀ náà lé Sájẹ́ǹtì Jùbrílù lọ́wọ́. Ọmọ Adó ni, bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ nítòsí Ọjà Ọba. Ó ku oṣù méje kó fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ Ajé, ó pe Monínúọlá sí àgọ́, ó fi ìwé náà síwájú rẹ̀.

‘Ìwọ lo kọ èyí?’

‘Kì í ṣe ọwọ́ mi.’

‘Ọ̀rọ̀ òrùlé ńkọ́?’

‘Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo kọ ọ́ sí ìyá mi. Táípúráítà ilé-ìwé ni mo fi tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ọ̀gá wà nínú ìsìn àárọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ nìyẹn.’

‘Ta lo fi lẹ́tà náà hàn?’

‘N kò fi í han ẹnikẹ́ni. Mo fi í rán èrò ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.’

Jùbrílù ká ìwé náà, ó fi í sápò. Ó ní láti ogún ọdún sẹ́yìn ni òun ti ń gbọ́ irọ́, irọ́ kì í sì í sáábà jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Ó wọ takisí lọ sí Ìyìn. Ìyá arúgbó náà lọ sí abẹ́ ibùsùn, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó dì í mọ́ra kó tó fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n ti kà á fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Kò tíì kúrò nínú ulé, ó ní.

Nítorí náà ẹni tó ta ìbéèrè kò rí lẹ́tà. Síbẹ̀ ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ìbéèrè àti lẹ́tà ti pàdé: inú táípúráítà. Ìbéèrè karùn-ún ni Monínúọlá tẹ̀ tán lórí ìwé tí ọ̀gá yóò yẹ̀ wò, ó sì tẹ lẹ́tà tẹ̀ lé e lórí ìwé mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Jùbrílù mú Monínúọlá wá síbi ẹ̀rọ náà níwájú ọ̀gá. Ó béèrè ẹni tó tún ń fọwọ́ kàn án. Monínúọlá ní kò sí, àfi Bámgbóyè atúnṣe ẹ̀rọ láti àdúgbò Òkè-Ìlá, tó máa ń wá gba òfìfo.

‘Òfìfo kí ni?’

‘Ríbọ́ọ̀nù tó ti tán. Tuntun tó ń kó wá yìí kì í pẹ́ tán. Bí a bá fún un ní èyí tó tán, á fún wa ní òmíràn, bíi ìgò mínírà. Kì í gba nǹkan kan.’

Wọ́n ti mọ́ ọn lára láti máa fi òfìfo gba tuntun. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ni ènìyàn ń fi ríbọ́ọ̀nù tó ti tán ṣe.

Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì, ríbọ́ọ̀nù kan wà nínú rẹ̀. Jùbrílù nà án sójú fèrèsé. Kì í ṣe aṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ibi tí álífábẹ́ẹ̀tì bá sì ti bà á, ó mọ́lẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sí àlàfo, kò sí ìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n pọ̀. Lẹ́tà tí ọ̀gá kọ lọ sí Àkúrẹ́ ni, tó fi fẹjọ́ igbákejì rẹ̀ sùn. Jùbrílù kà á sókè títí ọ̀gá fi ní ó tó.

Ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Gbogbo inú rẹ̀ ló dógùn-ún, àfi wíìlì eléyín kan tó ń dán. Òun ló ń mú ríbọ́ọ̀nù sáré, tí kò fi ní padà sẹ́yìn, kí álífábẹ́ẹ̀tì kan má baà gun orí èkejì.

Jùbrílù ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ‘ẹ’ bá Monínúọlá sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọ̀gá kéde pé wọn yóò tún ìdánwò ṣe, kí obìnrin náà sì padà sídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ó ní kó tẹ lẹ́tà kan: pé ọlọ́pàá yóò tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù atúnṣe ẹ̀rọ ní Òkè-Ìlá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra títí ríbọ́ọ̀nù fi tán. Wọ́n ju èyí tó tán sínú agolo, wọ́n sì fi lẹ́tà náà dáná.

Bámgbóyè dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ àti ẹ̀rín.

‘Ìyá Kíkẹ́lọmọ, wọ́n ti dá yín padà? Mo gbọ́ pé wọ́n ní ẹ ta ìdánwò. Mo ní irọ́ ni, ìyá yẹn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ta èkuru.’

‘O ṣeun,’ Monínúọlá wí. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú lábẹ́ tábìlì kó má baà gbá a létí. Ọkùnrin náà mú òfìfo, ó fi tuntun sílẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Jùbrílù àti Kọ́ńsítébù Ọmọ́níyì dúró sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Bámgbóyè. Àwọn atúnṣe ẹ̀rọ mìíràn ládùúgbò ń ṣiṣẹ́ wọn. Òun nìkan ló ń kó ẹrù. Ó di àpótí kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó sì gba ọ̀nà Ìyìn.

Mọ́tò ọlọ́pàá kọ̀, kò ṣíná. Wọ́n tì í, Jùbrílù ń bú orúnkún rẹ̀. Kò ṣíná. Wọ́n dá takisí dúró, wọ́n ní kí èrò méjì bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan kọ̀, wọ́n sì gbé e dání bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìyìn, wọ́n rí ẹ̀yìn Bámgbóyè. Òun náà rí wọn. Ó ju alùpùpù sílẹ̀, ó gbé àpótí lé èjìká, ó wọ oko. Jùbrílù dúró létí oko. Ó mọ̀ pé òun kò lè sáré bá a.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ igbe láti àárín oko: ‘Olè uṣu! Olè uṣu!’

Láti ìgbà tí iṣu ti ta ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣọ́ olè. Wọ́n rí ọkùnrin tó ń sá láàárín ebè pẹ̀lú ẹrù léjìká, wọn kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí Jùbrílù fi máa tiro débẹ̀, ẹ̀wù Bámgbóyè ti ya, ètè rẹ̀ sì ti wú.

‘Ẹ gbà mí, Sájẹ́ǹtì! Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe iṣu!’

‘Kí ni?’

‘Ríbọ́ọ̀nù ni.’

‘Ríbọ́ọ̀nù ta ni?’

Àgbẹ̀ kan gbé igi sókè. Bámgbóyè ní ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, ti agbẹjọ́rò kan ni, ti ilé-ìwé méjì mìíràn ni. Ọmọ́níyì ṣí àpótí. Ríbọ́ọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ó lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ara Bámgbóyè balẹ̀ nígbà tí wọ́n dé àgọ́, ó sì gbọ́n padà. Ó béèrè òfin tí òun rú. Òun ló ni wíìlì, òun ló ni ríbọ́ọ̀nù. Òun fi síbẹ̀, òun yọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́.

‘Ẹ̀rọ ta ni?’ Jùbrílù bi í.

‘Tiwọn.’

‘Ta ló ní kí o fi wíìlì yẹn sí i?’

Jùbrílù ti ìwé àti báírò sún mọ́ ọn.

‘Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.’

Ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń ṣe é. Wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi kọ ọ̀rọ̀ òrùlé sí i. Ó ní àlàfo kò sí lára ríbọ́ọ̀nù, òun rò pé ìbéèrè ni, òun sì fi ‘Ṣàlàyé’ parí rẹ̀. Ó ní ó ya òun náà lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ máa ń béèrè oríṣiríṣi nǹkan.

Ìwé òfin inú àgọ́ ti gbó, kò dárúkọ táípúráítà. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun-ìní ẹlòmíràn jẹ́ láìgbàṣẹ, àti ẹni tó ń fi èrú gba tọwọ́ ènìyàn. Ní kóòtù, májísíréètì ní bí òun bá pe ẹni tó máa tún ilẹ̀kùn òun ṣe, kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó gbẹ́ ihò tí yóò máa fi yọjú wo òun. Ó jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Àmọ́ kóòtù pẹ́ kó tó dé. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀gá dá, kò sí ẹni tó lé Monínúọlá. Adéyẹyè pè é sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa wúrà tí iná dán wò. Monínúọlá jẹ́ kó sọ díẹ̀.

‘Ọ̀gá, ẹ ṣe é. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti pè mí lólè.’

Wọ́n pe gbogbo olùkọ́ jọ. Níwájú wọn, ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀gá. Ó ní, ‘Ìyáàfin Monínúọlá kò jalè. Èmi ni mo ṣì í.’ Ó jókòó.

Monínúọlá ní òun gbọ́. Ó tọrọ àyè, ó lọ sílé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Kò bọ́ aṣọ, kò jẹun. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó sì sùn.