Ibi Tó Gbóná Nílẹ̀ Balùwẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Èmi kì í gba ìtàn iwin gbọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi tẹ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nílé ọkọ mi ní ìlú Sokcho, létí òkun.

Balùwẹ̀ ìyá ọkọ mi ló fa ọ̀rọ̀. Ó tutù bíi yìnyín. Màmá ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dókítà sì ní bó bá tún ṣubú, ó lè má dìde mọ́. Èmi àti ọkọ mi, Gyucheol, wá pinnu pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa gbóná bíi ti àwọn yàrá yòókù. Ó ku ká yan èyí tó dáa: páìpù omi gbígbóná la máa tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ni, àbí wáyà iná.

A pe Ọ̀gá Pyo, oníṣẹ́ ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa táìsì káàkiri.

"Wáyà ni kẹ́ ẹ ṣe," ó ní. "Páìpù á gbé ilẹ̀ ga, Màmá á máa kọsẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ológbò yín ló sùn síbí ni?"

"A ò ní ológbò," mo ní.

"Ẹ wá fẹsẹ̀ kàn án."

Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òtútù ilẹ̀ náà wọ̀ mí dé egungun. Àfi ibẹ̀. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò fẹ̀ ju ibi tí ẹnì kan lè jókòó sí.

Màmá ń wò wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Àyè Dalsu nìyẹn."

Kí wọ́n tó sọ yàrá yẹn di balùwẹ̀, ààrò wà lẹ́yìn ògiri ọ̀hún, iná rẹ̀ máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ilẹ̀ sì ti máa ń gbóná jù. Bí ọmọ kan ò bá tíì wọlé, ibẹ̀ ni ìyá máa ń gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sí, á fi kúbùsù bò ó kó má baà tutù. Dalsu ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó bá ọkọ̀ apẹja lọ sójú òkun nígbà tí Gyucheol ṣì kéré. Kò padà. Wọn ò rí òkú rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti wó ààrò yẹn tipẹ́," ni Gyucheol wí.

"Ta ló ní n ò mọ̀?" Ó kọjú sí Ọ̀gá Pyo. "Má fi wáyà rẹ débẹ̀ o. Ó ti gbóná tó."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Ẹsẹ̀ yín là ń rò."

"Ẹsẹ̀ tèmi wà nílé. Ti Dalsu ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n Gyucheol fa Ọ̀gá Pyo sẹ́yìn ilé, ó ní kó tẹ́ wáyà náà dé ibi gbogbo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a tan iná sí i, gbogbo ilẹ̀ gbóná dáadáa. Àfi ibẹ̀. Ibẹ̀ tutù débi pé ó ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Ó tún rin. Mo nù ún. Omi tún sun jáde.

Ọ̀gá Pyo yẹ wáyà wò. "Iná ń lọ níbẹ̀," ó ní. Ó tún un yẹ̀ wò.

Gyucheol ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Iyọ̀ ni," ó ní.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ìgbà yẹn ni Màmá wọlé. Ó wo ilẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sunkún. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé abọ́ ìrẹsì kan wá, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú ibi tó rin náà, ó sì jókòó tì í.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀n, Màmá."

"Ti ilẹ̀kùn. Kó o sì fi kún iná yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òtútù ti mú un jù."

Mo yí iná náà dé òpin. Ibẹ̀ ò tíì gbóná títí dòní.