Ọwọ́ Tó Wà Nínú Fọ́tò

Ìjà ni Oyèbísí àti Tìmílẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀, orí fóònù ni wọ́n sì ti jà á.

Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Newmarket, ní Canada, ni Oyèbísí ń bá ṣiṣẹ́. Ẹrù tí kúríà ń gbé láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, pàápàá ìbọn ọdẹ àlòkù. Ìbọn tuntun kì í fa wàhálà. Àlòkù ló ń dájà sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè búra bóyá inú ọkọ̀ kúríà ni igi ìdí rẹ̀ ti sán, tàbí ó ti sán láti ayé bàbá àgbà tó kọ́kọ́ rà á.

Tìmílẹ́yìn ló ń di ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní Georgetown. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é, ìbọn kan ló fọ́ lọ́nà, Oyèbísí sì ti kọ̀wé pé àwọn ò ní san nǹkan kan. Ọkùnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó kùn sínú fóònù ní Yorùbá pé ọkàn obìnrin yìí mà le o.

"Ọkàn mi ò le," ni Oyèbísí dá a lóhùn. "Ìwọ ni o ò ní ẹ̀rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò tíì fọ́ kó o tó dì í?"

Tìmílẹ́yìn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá. Kíá ló tọrọ àforíjì, ó sì ní kó kọ́ òun ní bó ṣe yẹ kóun máa ṣe é.

Oyèbísí kọ́ ọ. Kí ìbọn tó wọ páálí, kó ya fọ́tò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn ketekete. Kó kọ déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó sì tẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹnìkan dúró tì í lọ́jọ́ náà.

Bí Oyèbísí ṣe mọ ọwọ́ Tìmílẹ́yìn kó tó mọ ojú rẹ̀ nìyẹn. Ìka gígùn, èékánná mímọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sábẹ́ déètì: "Ẹ káàárọ̀ o, Madam Ẹ̀rí." Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé, "Ṣé Madam Ẹ̀rí máa ń jẹun lọ́jọ́ Sátidé?" Oyèbísí fi fọ́tò náà pamọ́ sínú fáìlì bó ṣe yẹ, ó sì fèsì pé òun máa ń jẹun.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára kíákíá. Oyèbísí ò fi pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun àti ọkùnrin Georgetown yẹn ń fẹ́ra, ọ̀gá sì kó gbogbo fáìlì Georgetown fún Àmírà, ọmọbìnrin tuntun tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló kọ́ Àmírà níṣẹ́. Ó sọ fún un pé fọ́tò Tìmílẹ́yìn kì í parọ́.

Ní Fráídé àkọ́kọ́ nínú oṣù Febúárì, Tìmílẹ́yìn wá kí Auntie Juliana nílé wọn ní àdúgbò Jane and Finch. Auntie Juliana ló tọ́ Oyèbísí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ wọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi Family Day, tó bọ́ sí àárín oṣù náà, ọkùnrin náà tún wá, ó ní òun lòun máa dín dòdò, òróró sì ta sí i lọ́wọ́ ọ̀tún láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Oyèbísí fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ó fi oògùn kùn ún, ó sì dì í. Nígbà tó jinná, àpá kékeré kan kù níbẹ̀, bíi ẹ̀wà kan tó ya ara sí méjì. Oyèbísí máa ń fi ìka tọ́ ọ, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n mú ọjọ́ introduction sí Sátidé kan ní Épírì.

Lóṣù Máàṣì, Àmírà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Oyèbísí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tó ti pẹ́, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Georgetown sí oníṣòwò kan ní àríwá, dé ibẹ̀ pẹ̀lú igi ìdí rẹ̀ tó ti là sí méjì. Àmírà ní gbogbo ìwé rẹ̀ pé, òun fẹ́ fọwọ́ sí i, òun kàn ní kó bá òun wò ó.

Déètì tó wà nínú fọ́tò ni Fráídé àkọ́kọ́ ní Febúárì. Ìbọn náà dára, kò sán níbì kankan. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Ó bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀.

Láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, àpá òróró wà níbẹ̀.

Oyèbísí sọ fún Àmírà pé kó má tíì fọwọ́ sí i, kó jẹ́ kó di Mọ́ńdè. Ó mú kọ́ọ̀tù rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sí Georgetown.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Tìmílẹ́yìn ti jáde wá bá a. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Oyèbísí gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì gbé e síwájú ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lòróró ta sí ọ lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. Kò jiyàn. Ó ṣàlàyé pé lọ́jọ́ Fráídé yẹn, ẹ̀rù ń ba òun kóun má pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Auntie Juliana, òun sì di ìbọn náà láì ya fọ́tò. Ó ní ìbọn náà kò sán rárá, òun búra. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, tí ọ̀gá òun ń béèrè fọ́tò, òun gbé ìbọn mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, òun ya ìyẹn, òun kọ déètì àtijọ́ sí i.

"Òótọ́ ni mo ń gbèjà," ni Tìmílẹ́yìn wí. "Kúríà ló fọ́ ọ. Tí n bá ní mi ò ya fọ́tò, ṣé ẹ máa san án ni? Ṣebí òfin tìẹ náà ni."

"O fi ọwọ́ tí mo wò sàn parọ́ fún mi," ni Oyèbísí wí. "Àmírà gbà ọ́ gbọ́ nítorí tèmi. Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án, wàá pè é, wàá sọ òótọ́. Tó ò bá pè é, èmi á sọ ọ́."

"Oyè, wọ́n máa lé mi. Ìwé tí mo fi ń gbé Canada, iṣẹ́ yìí ni wọ́n so ó mọ́. You know this thing. Tíṣẹ́ bá lọ, èmi náà lè lọ."

Oyèbísí mọ̀. Ìyẹn gan-an ló mú kí inú túbọ̀ bí i. Ọkùnrin tó mọ̀ pé gbogbo ayé àwọn méjèèjì so mọ́ okùn kan, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀bẹ sí i. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ láì dágbére.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ti ọ̀dọ̀ ìyá Tìmílẹ́yìn ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Auntie Juliana béèrè ẹni tó rí àpá náà. Oyèbísí ní òun ni. Auntie béèrè bóyá ẹlòmíì tún rí i. Oyèbísí ní rárá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n láyé àfi òun.

"Ó ti tán nìyẹn," ni Auntie Juliana wí, ó sì lọ gbé omi kaná.

Ní Sọ́ńdè, ìyá Tìmílẹ́yìn pè láti Abẹ́òkúta. Oyèbísí kúnlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni.

"Ìyàwó mi," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ tutù, "obìnrin tó mọ àpá ara ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó bò ó. Tó o bá lé ọmọ mi kúrò níbẹ̀, má retí mi níbi introduction kankan."

Oyèbísí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Inú bí i sí gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó ní ọmọ náà kò parọ́. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè kò ju ẹni tó rí i lọ.

Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì, fóònù Àmírà dún. Oyèbísí tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bíi ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Àmírà ń dáhùn, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní ọkùnrin Georgetown ti fa ìwé tó fi ń béèrè owó padà, ó ní ayédèrú ni fọ́tò náà. Oyèbísí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì sunkún ìbínú. Ó bínú sí Tìmílẹ́yìn, ó bínú sí òfin ara rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kúríà ló fọ́ ìbọn náà lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lé Tìmílẹ́yìn níṣẹ́.

Tìmílẹ́yìn ò pe Oyèbísí, òun náà ò pè é. Sátidé tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ introduction pé. Oyèbísí wà ní páálọ̀, ó ń ká aṣọ pẹ̀lú ìbínú, nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Tìmílẹ́yìn nìkan ló wà níbẹ̀, láìsí mọ̀lẹ́bí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Auntie Juliana lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde.

Auntie béèrè iṣẹ́. Ó ní kò tíì sí, àmọ́ wọ́n ti pe òun fún interview níbì méjì. Auntie béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní wọn kì í gbé fóònù òun.

"Kí lo wá wá ṣe?"

"Mo wá sọ ọ́ fún yín lẹ́nu ara mi, Auntie. Irọ́ ni mo pa. Oyè ò lé mi níṣẹ́. Èmi ni mo lé ara mi."

Auntie Juliana ṣí ọ̀nà fún un. Oyèbísí ju aṣọ sílẹ̀. Ó mú bébà funfun kan àti báírò, ó sì gbé wọn sórí tábìlì.

"Gbé ọwọ́ rẹ síbẹ̀."

Tìmílẹ́yìn dìde, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì. Oyèbísí wo àpá náà pẹ́. Ó wù ú kó gbá a, ó sì wù ú kó fi ẹnu kò ó.

"Kọ déètì òní."

Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ó wọ́. Oyèbísí fa àga, ó jókòó, ó sì tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà títí ìka wọn fi kan ara wọn.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ó ní. "Á tún bí mi lọ́la."

"Mo mọ̀, Madam Ẹ̀rí. Màá wá lọ́la náà."

Oyèbísí na fóònù rẹ̀ sí Auntie Juliana pé kí wọ́n bá àwọn yà á. Auntie ní kí wọ́n má mira. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á, nítorí àkọ́kọ́ ò hàn ketekete, déètì tó sì wà nínú méjèèjì ni déètì ọjọ́ náà gan-an.