Àmì Pupa Lẹ́yìn Kálípà

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin oníbọ́ọ̀sì kan kọ́kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, wọ́n yọ jáde lábẹ́ mọ́tò bíi ti ẹni tó ń sùn. Ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ewé. Obìnrin náà dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tí kò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ tó bára mu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì òun.

Kí ó tó yíjú padà, ọkùnrin tó ni ẹsẹ̀ ti rá jáde, gíríìsì lójú, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà dára. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara túbọ̀ fu obìnrin náà.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Kí ló ń ṣe bọ́ọ̀sì yín?"

"Tí mo bá tẹ bíréèkì, á fà sọ́tùn-ún. Táyà ọ̀tún sì máa ń gbóná."

"Kálípà ló dì, irin tó ń fún bíréèkì mọ́ táyà. Ó di táyà mú, kò fẹ́ tú u sílẹ̀ mọ́."

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó lọ síléèwé. Mẹkáníìkì kan ti yọ ojúlówó nǹkan lára bọ́ọ̀sì yẹn rí, ó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kó sí kòtò tòun tàwọn ọmọ. Kò dárí ji onítọ̀hún, kò sì ní in lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá a kó àwọn ọmọ báyìí, tún ń koná mọ́ ọn: "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Má gbójú kúrò lára wọn."

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin náà tú táyà tán tó lọ mú sípánà, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná, ó fi sàmì sẹ́yìn kálípà náà. Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò níṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣọ́ yìí."

"Ẹ kúkú wá máa ṣọ́ èmi náà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ọkùnrin náà tú kálípà kúrò, ó fi pákó sí iwájú písítìn, irin róbótó inú rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹ̀yìn. Písítìn ta jáde gbàù. Obìnrin náà fò, ó di apá ọkùnrin náà mú, kò sì tètè tú u sílẹ̀. Písítìn náà ti dógùn-ún, ọkùnrin náà ha á mọ́, ó fi ọ́ìlì bíréèkì fọ gbogbo kálípà náà nínú bàsíà. Nígbà tí rọ́bà tuntun tó máa yí písítìn ká dé, ó rì í sínú ọ́ìlì, ó nà án sí i.

"Ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀ ọ́, kí ẹ lè mọ̀ pé tuntun ni."

Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí irin náà. Inú obìnrin náà dùn débi tí ẹ̀rù fi bà á. Ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kó yí kálípà náà wò lẹ́yìn. Kò sí pupa kankan níbẹ̀.

"Kálípà mi dà?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí ńkọ́?"

"Mo fi àmì sí tèmi."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo dé."

"A ti jọ ń sọ̀rọ̀, a ti jọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti fi àmì olè sí mi lára láti ọjọ́ tí ẹ dé." Kò pariwo. Ó de kálípà náà mọ́ àyè rẹ̀, ó fún un le. "Ó ku ká fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá mi tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá fọkàn tán mi."

Obìnrin náà relé, ó ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé o rí i?" Ó fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wá rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìka tó fi wọ rọ́bà, kútẹ́ẹ̀sì wọn ti rọ̀, ó ti bó. Ti ọwọ́ kejì ń dán gbinrin. Ọ́ìlì bíréèkì ló jẹ ẹ́.

"Àwa la rí nǹkan tí kò sí, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ojú sì tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mẹkáníìkì náà níbi tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ́ìlì ló pa àmì náà rẹ́. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú."

"Mo ṣì ń bínú."

"Ẹ máa bínú lọ. Èmi ni mo fẹ́ tẹ bíréèkì."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò." Ọ́ìlì tú jáde pẹ̀lú ìfófòó. "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Àǹtí."

"Mò ń gbọ́."

"Mo fẹ́ fẹ́ yín."

"Ìgbà tí mi ò lè gbẹ́sẹ̀ lẹ ráyè sọ ọ́?"

"Tí ẹ bá lè gbẹ́sẹ̀, ẹ ó sá."

Obìnrin náà wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wá a dáadáa, bó ṣe mọ̀ ọ́n wá. Kò rí i.

"Mo ti ti ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ẹ lè gbẹ́sẹ̀ báyìí," ọkùnrin náà ní.

Kò gbẹ́sẹ̀. Bíréèkì náà dúró gbọin lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Jáde lábẹ́ ibẹ̀," ó ní, "kí o lọ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa. Màmá mi wà nílé lọ́sàn-án yìí."