Ẹnu Ọ̀nà Kan fún Iṣẹ́ Méjì

"Ta ló kọ pàǹtírí yìí?"

Ọ̀gá wọn ló lọgun bẹ́ẹ̀ láàárín yàrá iṣẹ́. Kíákíá, ọmọbìnrin tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìyára ọwọ́ rẹ̀, dìde. Òun ló kéré jù nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn.

"Èmi ni, mà."

"Ìbuwọ́lùwé ń fi hàn pé ìwọ lo kọ̀wé. Ìfọ̀rọ̀pamọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíì rí i kà. O wá rọ́ méjèèjì gba ẹnu ọ̀nà kan nínú kóòdù rẹ! Irinṣẹ́ ìbuwọ́lùwé tuntun tá a gbà wọlé yìí kò mọ ọ̀rọ̀ í pa mọ́ rárá. Bí wọ́n bá ní kó pa á mọ́ ńkọ́?"

Kíákíá fajú ro. "Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ nírú iṣẹ́ yẹn, mà."

"Ṣé wọ́n bá ẹ ṣàdéhùn ni? Lọ yà wọ́n sọ́tọ̀, olójú líle!" Ọ̀gá kẹ̀yìn sí i.

Iṣẹ́ náà pọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í yínmú sẹ́yìn ọ̀gá. "Jẹ́ kí ètò máa dáhùn pé òun ti ṣe é, ká máa lọ. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

Inú ọ̀gá ń bí Kíákíá, ó gbà. Níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti di àdììtú, ìlà kan ṣoṣo ló kọ: kí ètò máa sọ pé òun ti ṣe é, láìṣe nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí ètò pa èsì náà mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì gba ọ̀dọ̀ ìbuwọ́lùwé tuntun. Ètò ní òun ti pa á mọ́. Irọ́ ni. Èsì lọ ní gbangba, àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yòókù sì kà á. Ẹni tó ń nulẹ̀ pàápàá mọ̀ pé oyún nọ́ọ̀sì náà ti bàjẹ́, kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé…"

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! O tú mi síhòòhò lójú ayé." Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn gàà.

Kíákíá sunkún dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá ò fojú rere wò ó. "Ẹkún ò tún kóòdù ṣe. Jókòó."

Ó jókòó, ó ya ẹnu ọ̀nà ìbuwọ́lùwé kúrò lára ti ìfọ̀rọ̀pamọ́. Ẹni tó bá ti ibi ìbuwọ́lùwé béèrè ìfọ̀rọ̀pamọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà á kọ̀ jálẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn: ohun tó ti bọ́ sílẹ̀ ti fọ́. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dáhùn ìkíni rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó sọ pé òun ò lè ṣe iṣẹ́ kan kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ṣe é, tó ní òun ti ṣe é, ẹ sá fún un.