Ẹsẹ̀ Alhaji Jíbrílù àti Inú Tó Ń Jó

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsárì tán ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan ni Salahudeen bá nàka sí ẹsẹ̀ Alhaji Jíbrílù.

“Alhaji, bàtà mi lẹ tún wọ̀ yẹn. Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí?”

Jíbrílù wolẹ̀. Lóòótọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti Salahudeen. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í gan-an. Òun tó ti ń rán fìlà láti ìgbà èwe, tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di olè bàtà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Morufat ìyàwó rẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ò mọ ohun tó wọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ náà ń bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Àgbà ló dé,” ni Morufat wí, ṣùgbọ́n ó lọ pe aládùúgbò wọn wá.

Adeline, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nílé kejì, kò gbà bẹ́ẹ̀. “Alhaji, inú yín ńkọ́?”

“Inú kẹ̀? Ẹsẹ̀ lẹjọ́ mi.”

Morufat ló dáhùn. “Ó pẹ́ tí inú ti ń jó wọn. Bí wọ́n bá jẹ òkèlè díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó. Oògùn inú olómi funfun ni wọ́n ń mu bí ẹni mu ògì.”

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀nà ọ̀fun fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú ikùn rẹ̀.

“Kòkòrò àìfojúrí kan ti ń yọ awọ inú ikùn yín lẹ́nu tipẹ́,” ni dókítà wí. “Awọ náà wú, ó wá fẹ́lẹ́. Kò lè gba fítámì B12 inú ẹran, ẹja àti ẹyin dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí iṣan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń mọ nǹkan lára máa ṣiṣẹ́.”

“Ṣé ẹsẹ̀ mi ò ní kú pátápátá?”

“Ẹ tètè dé, sà. A ó máa fún yín lábẹ́rẹ́ fítámì, a ó sì fún yín lóògùn tí yóò pa kòkòrò náà. Ẹ lò ó tán o, kí ẹ sì máa wá fún àyẹ̀wò.”

Ó lò ó tán. Nígbà tó yá, ó ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì mọ̀ pé omi tutù lẹ́sẹ̀ òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Salahudeen gbọ́ pé àìsàn ni, ó wá tọrọ àforíjì. Ó jókòó, kò fẹ́ lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Alhaji, inú ń jó èmi náà. Ó ti tó ọdún mélòó kan.”

Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Jíbrílù kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Múra,” ó ní, “a jọ ń lọ lọ́la.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí inú bá ń jó yín lemọ́lemọ́, tí ẹ ń tètè yó, tí ó ń rẹ̀ yín, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kú, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fúnra yín ra oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ẹ máa fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, omi tó mọ́ sì ni kí ẹ máa mu. Ẹni tó bá ń fi oògùn inú pa ìrora lẹ́nu mọ́, àìsàn ló ń bá bo àṣírí.