Ojú Ń Rí I, Ẹsẹ̀ Ò Tètè Débẹ̀

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ilé ìwòsàn jìnnà síbí?"

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń bi í yìí wá láti ọ́fíìsì ètò ìlera. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọnnàwọnnà ni wọ́n ń pè é.

"Àǹtí, ẹ wo òrùlé yẹn lódìkejì odò. Bí mo bá sín níhìn-ín, dókítà á gbọ́!"

Bí gbogbo ará àdúgbò ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe àdúgbò òun ní ìgbẹ́?

Wọnnàwọnnà wo ìyàwó Káfíńtà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí.

"Ọ̀nà tí ìyàwó yín máa gbà, ẹ mú mi gba ibẹ̀."

Wọ́n rìn dé oríta, wọ́n dúró de mọ́tò títí. Káfíńtà ní kó má ka ìyẹn mọ́ ọn.

"Ó wà níbẹ̀ o," ni Wọnnàwọnnà fèsì. "Ọmọ tó ń bọ̀ ò ní dúró de mọ́tò."

Afárá tí mọ́tò máa gbà sọdá jìnnà, òkè odò lọ́hùn-ún ló wà. Ní ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, obìnrin náà sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìráhùn. Káfíńtà kan sáárá sí i nínú ọkàn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mìíràn ì bá ti kọ "ó súnmọ́" kó sì lọ jẹun.

Àárọ̀ ni wọ́n kúrò nílé. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti rí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó yíjú sí Wọnnàwọnnà.

"Ká ní òní ló ń rọbí ńkọ́?"

"Ìdí tí mo fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Àwọn àdúgbò kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á débí kí omi tó hó. Tẹ́ ẹ bá ní tiyín náà súnmọ́, ta ló máa mọ̀ pé ẹ nílò ilé ìwòsàn ní àdúgbò yín? Ṣé ẹ ní mọ̀lẹ́bí nítòsí ibí?"

"Àbúrò ìyá mi ń gbé ẹ̀yìn ọjà."

"Ẹ mú ìyàwó yín wá síbẹ̀ títí á fi bímọ."

Ó gbọ́ràn. Ìrọbí dé lọ́jọ́ òjò, odò sì bo afárá mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà lára ìyàwó náà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì tètè dá a dúró. Tìyátọmọ ló yè.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àwọn tó ń wọn ọ̀nà ilé ìwòsàn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ìgbéraga dáhùn. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà, bí ẹ ṣe ń dúró de ọkọ̀ àti bó ṣe ń rí bí òjò bá rọ̀. Bí ilé yín bá jìnnà, ẹ tètè gbé aboyún súnmọ́ ilé ìwòsàn. Ojú kì í gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà.